Nígbà tí Ìrora Dákẹ́

Inú yàrá gbígbóná ní ilé ìwẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọjà ẹja ni ìrora náà ti kọ́kọ́ bá Dasom. Ó jókòó lórí ẹní, ó wọ aṣọ ọ̀rá tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn kan ara, ó dé fìlà òtútù mọ́ ọn, òógùn sì ń ṣàn lójú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Ó di ife oníke kan mú, ó ń tutọ́ sínú rẹ̀. Láti àárọ̀ àná ni omi kò ti kan ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìwọ̀n ara òun wálẹ̀ kíákíá, omi ló máa kọ́kọ́ lé jáde, kódà itọ́ ẹnu kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù.

Yebin, àbúrò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ júdò àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ wọn, ló bá a wá. Òun kò ní ìwọ̀n kankan tó fẹ́ dín kù, eré ló bá wá. Ó nà gbalaja sórí ẹní tirẹ̀, ó ń jẹ ẹyin sísè.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ojú yín ti dà bí ẹja tí wọ́n sá sórí okùn létí òkun. Bí ẹ bá tún jókòó síbí díẹ̀ sí i, àwọn ìyá ọlọ́jà máa wá ná yín."

Dasom fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ohun kan gún un lẹ́yìn, lápá òsì, lábẹ́ egungun ìhà. Ó rò pé iṣan ló fà á. Kí ó tó mí èémí kejì, ohun náà ti gba ìhà rẹ̀, ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé abẹ́ ikùn, ó sì ń fún un bí ìgbà tí alágbàfọ̀ bá ń fún aṣọ tútù. Ó dìde. Ó jókòó. Ó tún dìde. Kò sí bí ó ṣe fi ara sí i tí ara gbà. Ó sáré lọ sí ilé ìtọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń bì, ṣùgbọ́n kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀ tó lè bì, àfi òróòro kíkorò. Ìtọ̀ tó tọ̀ kò tó nǹkan, ó sì pọ́n bíi tíì tó ti pẹ́ lórí iná.

Yebin kan ilẹ̀kùn, ó béèrè bóyá kò sí nǹkan. Dasom dá a lóhùn láti inú pé ọbẹ̀ tí òun jẹ lánàá ni kò bá òun lára mu. Nígbà tó jáde, ó ti fọ ojú, ó sì ti to ara rẹ̀ jọ.

Kì í ṣe pé Dasom kò mọ ohun tó ń ṣe òun. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Bàbá rẹ̀, Pyo Gwangsik, wà lára àwọn tó ń jó irin pọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ òkun lápá kejì erékùṣù Geoje tí à ń gbé. Inú ikùn ọkọ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣiṣẹ́. Ooru ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, ilé ìtọ̀ sì jìnnà sí wọn, èèyàn á kọ́kọ́ gun àkàbà jáde kí ó tó rí ibi tọ̀. Nítorí náà, àwọn ọkùnrin ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mumi. Ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òkúta ti mú Bàbá Dasom nínú kíndìnrín. Nígbà àkọ́kọ́, Dasom ṣì kéré. Ó rí bàbá rẹ̀, ọkùnrin tó ń gbé irin bí ẹni gbé igbá, tó ń yí gbirigbiri lórí ilẹ̀ yàrá, tó fi eyín há aṣọ ìnura kí àwọn ará ìsàlẹ̀ má baà gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nígbà kejì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní kí ó máa mu bíà, kí ó sì máa fo okùn, pé òkúta náà máa já bọ́. Ó bá gun òrùlé pẹrẹsẹ tó wà lókè ilé wọn lọ, ó ń fo okùn bí ọmọdébìnrin, títí tí obìnrin tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ fi gòkè wá béèrè bóyá ilé ló fẹ́ wó. Gbogbo àdúgbò ló fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín. Nígbà tó yá, òkúta náà jáde lóòótọ́, kò ju hóró ìrẹsì lọ, ó sì gbé e sínú ìdérí ìgò, ó ń fi han ẹni tó bá wọlé. Láti ìgbà náà, nínú ilé wọn, ọ̀rọ̀ òkúta inú kíndìnrín ti di ọ̀rọ̀ àwàdà.

Ohun tó mú Dasom wọ inú aṣọ ọ̀rá kò ṣòro láti lóye. Ọdún ìkẹyìn rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama nìyẹn. Ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ yé e, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ bí a ti ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀ bí tirẹ̀ ní gbogbo etí òkun wa, àfi Yebin. Yunifásítì kan nítòsí Seoul máa ń gba àwọn ọmọ júdò tó bá gba àmì-ẹ̀yẹ níbi ìdíje orílẹ̀-èdè ní ìgbà ìrúwé. Ọmọ tí kò bá rí yunifásítì wọ̀ ní erékùṣù yìí, ọ̀nà méjì ló kù fún un: kí ó wọ ikùn ọkọ̀ bíi bàbá rẹ̀, tàbí kí ó lọ dúró sí ilé ìkarahun bíi ìyá rẹ̀. Myeongja, ìyá Dasom, a máa wà níbẹ̀ láti ìdájí, òun àti àwọn obìnrin yòókù, wọ́n á máa fi ọ̀bẹ ṣí ìkarahun òkun, wọ́n á máa yọ ẹran inú rẹ̀ sínú omi tútù, títí ìka wọn á fi le bí igi.

Ìsọ̀rí ìwọ̀n tí Dasom ti ń jà láti ìbẹ̀rẹ̀, Yebin ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kóòṣì Ma, tó ń kọ́ wọn ní júdò, pe Dasom, ó sọ fún un láìfepo-bọyọ̀ pé Yebin ni òun máa mú lọ níbẹ̀. Ó ní ìsọ̀rí tó wà nísàlẹ̀ ṣófo, pé bí ó bá lè rọra dín ara kù láàárín oṣù mélòó kan, pẹ̀lú oúnjẹ tó dára àti sùúrù, òun máa fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, kí ó jókòó gẹ́gẹ́ bí arọ́pò, ẹni tí wọ́n á pè bí ẹlòmíràn bá ṣèṣe. Kóòṣì kò sọ pé kí ó má mumi. Dasom gbà. Ṣùgbọ́n òtútù ń mú, oúnjẹ ń dùn, oṣù ń lọ. Nígbà tí ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò tíì wálẹ̀ tó. Ìgbà yẹn ló gba ọ̀nà àbùjá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìrora náà tún padà wá. Ìyá wà ní ilé ìkarahun, òjò sì ti lé Bàbá kúrò níbi iṣẹ́ ṣáájú àkókò. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó bá ọmọ rẹ̀ tó ń rìn yí yàrá ká, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìkúùkù ti ẹ̀yìn ara rẹ̀. Bàbá dúró. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé irú ìrìn yẹn fún un.

"Ìhà wo ni?" ó béèrè.

"Kí ni, Bàbá?"

"Má fi mí ṣeré, Dasom. Ìhà wo ni?"

Dasom gé ètè rẹ̀ jẹ. "Òsì."

Bàbá tún ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Dasom bá rọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó di ṣòkòtò rẹ̀ tó ṣì tutù fún òjò mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Bí wọ́n bá fa omi sí mi lára, mi ò ní lè bọ́ sí ìwọ̀n yẹn mọ́. Bí Kóòṣì bá gbọ́, ó máa yọ orúkọ mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà ni. Ẹ jẹ́ kí n lọ jà ná. Bí mo bá ti jà tán, ibi tí ẹ bá ní kí n lọ ni mo máa lọ."

"Ṣé o tiẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe ọ́?"

"Ohun tó ṣe yín ni. Ẹ̀yin ò sì kú."

Gbólóhùn yẹn ló ṣẹ́ apá Bàbá. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ kan. Òótọ́ ni, kò kú. Ó rántí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí èéfín irin ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Ó rántí pé òun ti búra nígbà tí wọ́n bí ọmọ yìí pé kò ní gun irú àkàbà tí òun ń gùn. Ó wo ojú ọmọ náà, ó sì rí i pé bí òun bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ọmọ náà kò ní dárí ji òun láyé. Ó dìde, ó wá oògùn ìrora tó ṣẹ́kù nígbà àìsàn tirẹ̀ nínú àpótí, ó fún un ní díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní bí ìdíje bá ti parí, ilé ìwòsàn ló kàn. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjì péré ló wà nílé.

"Má jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n àgbà yìí wà lọ́jà, ó rí orí ọmọ, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e kò dára. Ìrora náà á wá, á lọ, á tún wá. Bí ó bá wá nínú kíláàsì, Dasom á gbé orí lé tábìlì, olùkọ́ á rò pé oorun ló ń kùn ún, torí pé oorun ló sábà máa ń kun àwọn eléré ìdárayá. Bí ó bá wá níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, á ní òun fẹ́ lọ tún irun òun dì. Nínú ilé ìtọ̀, á fi iwájú orí ti ògiri, á máa sọ fún ara rẹ̀ pé ó ku díẹ̀. Bàbá a máa wò ó níbi oúnjẹ alẹ́. Ìyá, tó ti rẹ̀, a máa béèrè ìdí tí Dasom kò fi jẹun. Bàbá ló máa ń dáhùn pé ìwọ̀n ló ń ṣọ́.

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Dasom jí, kò sì sí ìrora mọ́. Ó dùbúlẹ̀, ó ń retí rẹ̀. Ó yí sí ọ̀tún, ó yí sí òsì. Ó dìde, ó fo sókè lẹ́ẹ̀kan. Kò sí nǹkan kan. Ó sáré lọ bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń fọ ẹnu, ó sì sọ ọ́ sí i létí. Ojú Bàbá tàn, ó tu ọṣẹ ẹnu sílẹ̀ kíá.

"Ṣé o rí i? Ṣé o rí òkúta náà nígbà tó jáde?"

"Ó dà bíi pé mo rí nǹkan kan," Dasom dáhùn. Kò rí nǹkan kan.

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní bí tòun náà ṣe ṣe nìyẹn: ó ń dùn, ó ń dùn, ó sì tán. Ó ní ọmọ òun lágbára ju òun lọ, pé òun fo okùn kí òun tó bọ́, òun kò sì tilẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ kankan fún un. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín pọ̀ níbẹ̀, wọ́n rọra ń rín in kí Ìyá má baà gbọ́. A ò lè sọ pé wọn kò yọ̀ tọkàntọkàn.

Dasom bọ́ sí ìwọ̀n. Orí rẹ̀ ń fò lọ́jọ́ ìwọnra, ètè rẹ̀ sì ti là, ṣùgbọ́n ó bọ́ sí i. Ó gbé ẹni àkọ́kọ́ ṣánlẹ̀ kí àwọn èèyàn tó jókòó dáadáa. Ó borí ẹni kejì. Ọmọbìnrin kan láti Daegu ló dá a dúró nígbà tó ku ìjà kan kí ó dé àṣekágbá, ṣùgbọ́n ó padà wá jà fún ipò kẹta, ó sì gbà á. Yebin, tí òun gba ipò kìíní ní ìsọ̀rí tirẹ̀, ló kọ́kọ́ sáré wá gbá a mọ́ra, ó ń sunkún ju Dasom fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n dé ilé, Ìyá se ọbẹ̀ ewé òkun, èyí tí òun kì í jẹ́ kí Dasom fi ẹnu kàn ṣáájú ìdíje, torí àwọn èèyàn gbà pé yíyọ̀ ewé náà máa ń mú ẹsẹ̀ ẹni yọ̀. Ó bù ú kún àwo, ó sì jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Kò pẹ́, àwọn ará yunifásítì náà pe Kóòṣì Ma. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ọmọ náà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ló dùn jù nínú ilé wọn. Ìyá sọ fún gbogbo ilé ìkarahun. Bàbá ra bàtà tuntun fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn tí wọ́n jọ ṣe àdéhùn rẹ̀, Bàbá mẹ́nu bà á lẹ́ẹ̀kan, Dasom sì ní kí ni wọ́n fẹ́ wò lára ẹni tí kò sí ohun tó ń dùn ún. Bàbá gbà pé òótọ́ ni. Lóòótọ́, nígbà mìíràn, ìhà òsì Dasom a máa wúwo, bí ẹni gbé ohun tútù kan síbẹ̀. Ó tún máa ń tètè rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ ìrora tòótọ́ kò ní ka irú ìyẹn sí.

Ní ìgbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n lórí òkè ni ibà kọ lù ú. Ó gbọ̀n títí eyín rẹ̀ fi ń lu ara wọn. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni yunifásítì ní kí ó wá ìwé àyẹ̀wò ara mú wá, nítorí náà Ìyá gba àyè níbi iṣẹ́, ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn pé kí wọ́n ṣe méjèèjì pọ̀. Dókítà tó wò wọ́n jẹ́ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Eom, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó fi ẹ̀rọ tó ń ya inú ara wo ikùn Dasom. Ó tún un wò. Ó ní kí wọ́n lọ ya àwòrán mìíràn ní ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí Ìyá pe bàbá ọmọ náà.

Bàbá dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó síwájú àwòrán náà. Dókítà fi ìka tọ́ka sí kíndìnrín ọ̀tún, ó ní ó wà bó ṣe yẹ kí ó wà. Ó wá tọ́ka sí ti òsì. Ó dà bí àpò omi ńlá kan. Lápá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní ojú ọ̀nà tóóró tí ìtọ̀ ń gbà lọ sí àpò ìtọ̀, ohun funfun kékeré kan wà níbẹ̀.

"Òkúta nìyẹn," Dókítà Eom sọ. "Ó ti há síbẹ̀ tipẹ́. Ṣé ìrora kankan ò mú ọ láàárín ọdún yìí?"

Dasom kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ó mú mi nígbà ìrúwé. Ṣùgbọ́n ó lọ. A rò pé ó ti jáde."

"Kò jáde. Ohun tó máa ń fa irú ìrora yẹn ni pé kíndìnrín ń ṣe ìtọ̀, ọ̀nà sì ti dí, ó wá ń wú. Nígbà tó bá tì í tì í tí kò rí ọ̀nà, á rẹ̀ ẹ́, á dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Bí ó bá ti dáwọ́ dúró, kò sí ohun tó máa dùn ọ́ mọ́."

"Ṣé kò lè padà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?" Bàbá ló béèrè.

Dókítà mi orí. Ó ní ká ní wọ́n gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ tí ìrora náà bẹ̀rẹ̀ ni, iṣẹ́ kékeré ni ì bá jẹ́, ọmọ náà ì bá sì tètè padà sí kíláàsì. Ní báyìí, ara kíndìnrín náà ti tín-ín-rín bí ìwé, kòkòrò sì ti wọ omi inú rẹ̀, òun ló fa ibà. Wọ́n ní láti yọ ọ́ kí ó tó pa ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń yí nínú orí Ìyá, ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ pé "a rò". Ó yí ojú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Dasom, ẹ mọ̀?"

Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ọwọ́ tó kún fún àpá iná. Ìyá kò béèrè mọ́. Àwa tí a bá wọn gbé àdúgbò mọ̀ pé láti ọjọ́ yẹn, obìnrin náà kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ì bá sàn kí ó bá a jà. Ó ń bu oúnjẹ fún un, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá ní í sọ, ara ògiri ló máa ń sọ ọ́ sí.

Wọ́n yọ kíndìnrín náà. Dókítà Eom kìlọ̀ pé ẹni tí kíndìnrín kan péré kù fún kò gbọdọ̀ ṣe eré tí wọ́n ti ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀, torí bí ìyẹn náà bá fara pa, kò sí òmíràn. Yunifásítì kọ̀wé, wọ́n bá a kẹ́dùn, wọ́n sì ní àwọn kò lè gbà á mọ́. Ìdánwò àṣewọlé gbogboogbò ti dé tán. Dasom kò kàwé fún un rárá. Ó lọ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ tí kò tíì jinná tán, àbájáde rẹ̀ sì rí bí gbogbo èèyàn ṣe rò pé yóò rí.

Kóòṣì Ma wá kí i nílé kí ó tó dìde dáadáa. Ó gbé páálí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe bí wọ́n bá lọ kí aláìsàn, ó jókòó sórí ilẹ̀, kò mọ ibi tó máa fi ojú sí. Lẹ́yìn ìgbà tó ti sọ̀rọ̀ òtútù, tó ti sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, ó wá sọ ohun tó gbé e wá.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ká ní mo sọ fún yín, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n jà?"

"Rárá," ni Kóòṣì wí. "Ilé ìwòsàn ni mo máa gbé ọ lọ. Mo sì máa bẹ yunifásítì yẹn kí wọ́n dúró dè ọ́ di ìdíje ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ti rí ọ tẹ́lẹ̀, wọ́n fẹ́ràn ọwọ́ ìjà rẹ. Mo rò pé o mọ̀."

Dasom kò mọ̀. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Kóòṣì lọ, ó yí ojú sí ògiri, kò sì jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkarahun báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Nígbà àyẹ̀wò tó ṣe kẹ́yìn, Dókítà Eom rí nǹkan bí iyanrìn nínú kíndìnrín ọ̀tún tó ṣẹ́kù. Ó ní kí ó máa mumi, kí ó máa wá déédéé, kí wọ́n máa wò ó. Kò ṣe ìlérí kankan fún un. Bàbá, tó gbé e lọ síbẹ̀, dúró síta nínú ọkọ̀. Nígbà tí Dasom sọ ohun tí wọ́n rí, Bàbá fi orí lé ọwọ́ ìtọ́kọ̀, ó wà bẹ́ẹ̀ títí ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà fi wá sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ kúrò lọ́nà.

Ní òpin ìgbà òtútù, Yebin wá sí ilé ìkarahun lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹrí ba fún àwọn ìyá, ó sì ní òun fẹ́ rí ẹ̀gbọ́n òun fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n jáde lọ dúró sẹ́yìn òkìtì ìkarahun òfìfo. Yebin ti ga sí i, èjìká rẹ̀ ti fẹ̀. Ó sọ pé ọmọ tuntun kan ti dé láti Busan, pé ọmọ náà lágbára gan-an, pé ìsọ̀rí òun ni. Ó ń fi bàtà tẹ ìkarahun kan fọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, yàtọ̀ sí yàrá gbígbóná, kí lẹ tún ṣe tí ìwọ̀n yín fi wálẹ̀ kíákíá bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn?"

Dasom rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Ó béèrè bóyá Kóòṣì ló ní kí ó dín ìwọ̀n kù. Yebin ní rárá, Kóòṣì kò mọ̀, láti ọ̀rọ̀ Dasom kò fẹ́ gbọ́ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ sétí. Dasom kò bá a jiyàn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó gbé aṣọ rẹ̀ sókè nínú òtútù náà, ó fi ojú ọgbẹ́ hàn án, bó ṣe gùn tó láti ẹ̀yìn wá sí ìhà.

Yebin wò ó. Omi lé sí i lójú. Ó na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ fọwọ́ kàn án, ó tún fà á padà.

"Lọ sọ fún Kóòṣì pé o kò lè ṣe é," Dasom sọ. "Lónìí."

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n máa fi mí jókòó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ibòmíì tí mo lè lọ." Ó nu ojú. "Ara yín ni kò gbà á. Tèmi lè gbà á."

Ó tẹrí ba, ó lọ. Dasom pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò wẹ̀yìn. Ó padà wọlé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ní láti pe Kóòṣì Ma, ó sì pè é. Kóòṣì dúpẹ́, ó ní òun máa bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Bóyá ó sọ ọ́, bóyá Yebin gbọ́, a ò tíì mọ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ fi nǹkan pamọ́ máa ń rí ibi tó máa fi í pamọ́ sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, a kò sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú Dasom, àánú kò lè dá ohun tó sọ nù padà fún un. Bí ojú bá ń ṣepin, ojú la fi ń hàn án. Ara kì í ké láìnídìí, bí ó bá sì ké tí a kò dá a lóhùn, bó pẹ́ bó yá, yóò jáwọ́ nínú igbe. Ẹ má pe ìyẹn ní ìwòsàn. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe yín fún ẹni tó lè gbé yín lọ síbi ìtọ́jú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ẹ fẹ́ràn jù lọ máa bọ́ lọ́wọ́ yín fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Dasom dákẹ́, bàbá rẹ̀ bá a dákẹ́, nígbà tó yá, kíndìnrín náà dákẹ́ pẹ̀lú wọn.